Kámẹ́rà Kékeré Tí Bàbá Kúdí Fi Ń Ṣọ́ Ẹ̀gà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ro ohun tí ojú mi rí nídìí kámẹ́rà kékeré kan fún yín. Ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí lọ́kàn tipẹ́. Mo ní kí n gbé e mì, kò gbé mì.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, nítorí náà tí ẹ bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, ẹ fojú fò ó. Ìyá Rámọ́tá tó máa ń kọ́kọ́ dá mi lóhùn lórí fóònù yìí, mo kí yín o. Bọ̀dá Délé ti Ṣakí, mo rí ìkíni yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè ìdí tí ẹ ò fi gbúròó mi láti ìgbà tí Bàbá Kúdí ti lọ, ẹ ṣeun. Ẹ gbọ́ mi báyìí.

Onífọ́tò ni ọkọ mi. Làmídì Onífọ́tò ni gbogbo Òkè-Àdó ń pè wọ́n. Ta ni wọn ò yà? Wọ́n ya Súúlé Alápatà lọ́jọ́ tó kó àkọ́bí ẹ̀ jáde. Wọ́n ya Ìyá Ajíkẹ́ tó ń ta òwú, pẹ̀lú ẹyín wúrà ẹ̀. Wọ́n ya Tíṣà Adérẹ̀mí lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, tó ń sunkún bí ọmọdé.

Ẹni tó ya gbogbo èèyàn, ta ló ya òun alára? Kò sẹ́nì kan! Fọ́tò ìgbéyàwó wa pàápàá, Bàbá Kúdí ló yà á. Èmi nìkan ló wà nínú ẹ̀, tí mo wé gèlè, tí mò ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí ẹ ò rí. Kúdí ọmọ wa máa ń sọ pé ẹni tó bá rí fọ́tò náà á rò pé ara mi ni mo fẹ́.

Fọ́tò díẹ̀ tí ojú Bàbá Kúdí ṣèèṣì wà nínú ẹ̀, òjò ló bà á jẹ́ nígbà tí atẹ́gùn ká òrùlé ṣọ́ọ̀bù lọ.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn gbígbọ̀n dé. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ó bọ́ sí tòsì, ó wá gun orí. Dókítà pe orúkọ ẹ̀ fún wa, kò ṣeé pè lẹ́nu mi. Onífọ́tò tí ọwọ́ ẹ̀ ò dúró, ẹ ò rí ayé bí! Bàbá Kúdí ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n kó ẹrù wá sílé wa ní Agbówó níbí. Kúdí, tó ń ṣiṣẹ́ tíṣà, tó ń gbé lápá Ring Road, wá ra kámẹ́rà kékeré kan fún wọn, èyí tó ṣeé dì mọ́wọ́ bí ọṣẹ, kí wọ́n má baà máa ronú. Àmọ́ gbogbo fọ́tò tí wọ́n bá fi yà, ṣe ló máa ń dà bíi pé omi ń ṣàn lójú ẹ̀. Wọ́n jù ú sínú àpótí.

Tí àwa náà bá fẹ́ fi fóònù yà wọ́n, orí wọn á ti mì. Ojú á di mẹ́rin, ẹnu á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kúdí á máa pariwo pé, "Dádì, ẹ dúró jẹ́ẹ́!" Ṣé ẹni tó bá lè dúró ni wọ́n ń sọ fún? Nígbà tó yá, wọ́n ní ká má ya àwọn mọ́. Wọ́n ní ẹni tó wà nínú fóònù yẹn, àwọn ò mọ̀ ọ́n rí.

Ọmọbìnrin kan ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ó gba yàrá tó kángun sí géètì. Ṣèyí lorúkọ ẹ̀, ọmọ Ìkàrẹ́ ni, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ ní yunifásítì. Ẹnu ẹ̀ mú, àmọ́ inú ẹ̀ dára. Lọ́jọ́ kan ó bá mi tú àpótí, ó rí kámẹ́rà náà. Ó ní, "Dádì, kí ló dé tí ẹ pa èyí tì?"

Bàbá Kúdí ní, "Òun ló pa èmi tì. Kò mọ̀ ju kéèyàn fìka tẹ òun lọ. Ìka wo ni mo fẹ́ fi tẹ̀ ẹ́?"

Ṣèyí rẹ́rìn-ín. Ó ní kámẹ́rà náà mọ nǹkan púpọ̀, àwọn tó ṣe é ló ti òye yòókù mọ́ ọn nínú, kéèyàn lè lọ ra èyí tó wọ́n jù ú lọ. Ó ní sọ́fítíwíà kan wà tí àwọn ọlọ́pọlọ kan kọ, tí wọ́n ń fún ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Inú mẹ́mórì ni wọ́n ń fi sí. Kámẹ́rà á máa gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ohun tí wọ́n tì pa á sì ṣí.

Bàbá Kúdí wo kámẹ́rà náà títí. Wọ́n ní, "Ó mà jọ mí o. Wọ́n ti mí pa nígbà tí nǹkan ṣì kù nínú mi."

Bí Ṣèyí ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn! Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó ń tẹ̀, ó ń kùn. Nígbà tó parí, tí wọ́n bá ti tan kámẹ́rà, àmì kékeré kan á kọ́kọ́ yọ lójú ẹ̀ bí ẹni tó ń ṣẹ́jú síni. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣe! Tí ẹ bá gbé e kalẹ̀, á máa ṣọ́ iwájú ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti mira níbẹ̀, á yà á, kò sẹ́ni tó máa fìka kàn án. Ó sì ń yára débi pé tí ẹyẹ bá ń fò, ìyẹ́ ẹ̀ á dúró gbagidi nínú fọ́tò, bí ẹni pé wọ́n so ó mọ́ ojú ọ̀run.

Ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa tí àwọn ẹ̀gà kọ́lé sí. Ariwo wọn ló máa ń jí wa. Láràárọ̀, Bàbá Kúdí á gbé kámẹ́rà sórí ògiri kúkurú fàráńdà, wọ́n á kọ ojú ẹ̀ sí ọ̀pẹ, wọ́n á yọ́ wọlé. Tí oòrùn bá ti mú, wọ́n á jáde lọ gbé e. Ẹ̀gà tó gbé koríko sẹ́nu, ẹ̀gà tó dorí kodò lẹ́nu ìtẹ́, ẹ̀gà méjì tó ń jà bí orogún! Wọ́n á ké sí mi pé, "Ìyá Kúdí! Wá wò ó!" Èmi á sì fi ohun tí mò ń ṣe sílẹ̀.

Mo máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní, "Bàbá Kúdí, àwọn oníbàárà yín yìí, ìgbà wo ni wọ́n máa wá gba fọ́tò wọn?"

Wọ́n ní, "Fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Àwọn nìkan ni wọn ò sọ fún mi pé kí n dúró jẹ́ẹ́."

Ṣèyí parí ẹ̀kọ́, ó ríṣẹ́ sí Àbújá. Ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin lọ́jọ́ tó ń lọ, kó lè pa Bàbá Kúdí lẹ́rìn-ín. Ó rí i ṣe.

Ó pẹ́ díẹ̀ sígbà náà ni Bàbá Kúdí kírun àárọ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ rẹjú. Wọn ò jí mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin wọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mí.

Ní agbo ilé ọkọ mi, àṣà kan wà. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ẹni tó bá di olórí ẹbí á ṣí gbogbo ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ ní títì: àpótí, kọ́bọ́ọ̀dù, dúrọ́ọ̀, títí dórí ìgò òróró ìpara. Wọn kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ ní títì, kí ọ̀nà má baà tì mọ́ ẹni tó ń lọ. Lèmọ́mù ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ kì í bá wa jà sí i.

Alhaji Múfú, àbúrò Bàbá Kúdí, ló kàn láti ṣe é. Wọ́n ti dáyé kí n tó wọlé ọkọ, nítorí náà ìyàwó ni wọ́n ń pè mí títí dòní. Wọ́n ń ṣe Bìsìmílà, wọ́n ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi náà ń ṣe Àmín. Nígbà tí wọ́n dórí kámẹ́rà, wọ́n ṣí ikùn ẹ̀, wọ́n fa mẹ́mórì yọ, wọ́n wọ gíláàsì ojú wọn. Ohun kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́mórì yẹn tó ṣeé fi èékánná tì sókè sódò. Wọ́n ní, "Ìyàwó, wò ó, kọ́kọ́rọ́ wà lára eléyìí náà. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní fi nǹkan kan sílẹ̀ ní títì láyé." Wọ́n fi èékánná ṣí i, wọ́n dá a padà síkùn kámẹ́rà.

Mo ṣe Àmín sí ìyẹn náà.

Mo wọ opó. Inú yàrá ni mo wà nígbà tí nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ́rù bà mí. Ojú Bàbá Kúdí ń kúrò lọ́kàn mi! Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé n kì í gbàgbé èèyàn. Tí mo bá di ojú, mo rí Súúlé Alápatà. Mo rí Ìyá Ajíkẹ́ àti ẹyín wúrà ẹ̀. Tí mo bá ní kí n rí ọkọ mi, èyí tó ń gbọ̀n nìkan ló ń wá, ojú mẹ́rin, ẹnu lẹ́gbẹ̀ẹ́, bíi ti inú fóònù. Ẹni tí mo fẹ́ ò wá. Mo gbọ́ ohùn wọn, mo gbọ́ òórùn fìlà wọn, mi ò rí ojú.

Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń rí kéèyàn sọ ẹnì kan nù lẹ́ẹ̀mejì?

Lọ́jọ́ kan tí mò ń gbọ́ ariwo àwọn ẹ̀gà, ọ̀rọ̀ kan sọ sí mi lọ́kàn. Kámẹ́rà tó ń ya ohun tó bá mira, nígbà tí Bàbá Kúdí bá ń bọ̀ wá gbé e, ṣé kò ní yà wọ́n ni? Wọ́n á ti kọjú sí i! Bí mo ṣe jáde opó, mo ní kí Kúdí wá, ká tàn án.

Ó tàn. Àmì kékeré tó máa ń ṣẹ́jú síni ò yọ. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí fọ́tò kankan.

Kúdí tún un tàn. Kò sí. Ẹ̀gà kan ṣoṣo, kò sí.

La bá gba Dùgbẹ̀ lọ, sọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Wàsíù tó ń tún fóònù àti kámẹ́rà ṣe. Ó ki mẹ́mórì bọ kọ̀ǹpútà, ó wò ó síwá sẹ́yìn. Ó ní kò sí fọ́tò níbẹ̀, pé àwọn nǹkan kéékèèké kan tí òun ò mọ̀ ló wà nínú ẹ̀, ó jọ pé kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀. Á dà bíi tuntun."

Mo bi í pé kí ni fọ́máàtì ń ṣe.

"Á wẹ̀ ẹ́ mọ́ tónítóní ni, Màmá."

Kúdí di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ẹ ẹ̀ rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀?" Omi ti wà lójú òun náà. Ọwọ́ Wàsíù ti wà lórí ohun tó fẹ́ tẹ̀.

Mo ní, "Ẹ dúró! Àwọn ààfáà ti wẹ ọkọ mi lẹ́ẹ̀kan. Ó tó."

Wàsíù yọwọ́ bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Mo ní kí Kúdí bá mi pe Ṣèyí. Ó pè é, kò gbé e. Ó tún un pè, kò gbé e. Àwọn oníbàárà ti ń pọ̀ lẹ́yìn wa. Wàsíù ò lé wa, kí Ọlọ́run san án fún un. Ó fún mi ní àpótí ìjókòó àti omi inú ọ̀rá, ó ní kí n fara balẹ̀. Ẹnu omi yẹn ni mo wà tí Ṣèyí pè padà, Kúdí sì fi ohùn ẹ̀ sí gbangba kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Màmá mi! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o! Dádì ńkọ́? Àwọn ẹ̀gà wọn ńkọ́?"

Háà. Kò gbọ́! Ẹnu mi ò gbà á láti sọ fún un nígbà yẹn, Kúdí sì rò pé mo ti sọ ọ́. Mo ní, "Ṣèyí, Dádì ẹ ti lọ."

Ó figbe ta, gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́ ọ. Wàsíù pa rédíò. Obìnrin kan tó wá tún fóònù ṣe, tí kò mọ̀ wá rí, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́." Èmi tí ọkọ mi kú ni mo wá ń rẹ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́kún láti Dùgbẹ̀!

Nígbà tó nu ojú, mo ro ẹjọ́ kámẹ́rà fún un. Ohùn ẹ̀ yí padà lójijì. Ó ní ká wo ẹ̀gbẹ́ mẹ́mórì. Ó ní kọ́kọ́rọ́ kékeré kan wà níbẹ̀, ṣé ó tì ni, àbí ó ṣí?

Wàsíù wò ó, ó ní, "Ó ṣí."

Ṣèyí pariwo. "Ta ló ṣí i? Ẹ má fọ́máàtì nǹkan kan o! Ẹ tì í padà!"

Èmi àti Kúdí wo ara wa. Alhaji.

Ṣèyí wá ṣàlàyé. Ó ní òun pín mẹ́mórì yẹn sí pálọ̀ àti yàrá. Pálọ̀ kékeré ni sọ́fítíwíà ń gbé, inú yàrá ńlá ni fọ́tò wà. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ni kámẹ́rà máa ń wò tó bá jí. Tó bá bá a ní títì, á mọ̀ pé kóun pe sọ́fítíwíà dìde, ìyẹn lá sì mú un dé yàrá. Tó bá bá a ní ṣíṣí, á jí bí àwọn tó ṣe é ṣe bí i, kò ní rí ju pálọ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà Wàsíù náà, pálọ̀ nìkan ló rí.

Wàsíù gbọ́wọ́ lérí. Ó ní, "Tó bá tì, ó ṣí. Tó bá ṣí, ó tì. Áńtí Ṣèyí, ẹ ò ní pa wá o!" A rẹ́rìn-ín, àní èmi náà rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú omijé lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ó tì í. Ó ki mẹ́mórì náà bọ kámẹ́rà. Ó tàn án.

Àmì kékeré yẹn ṣẹ́jú sí mi.

Ẹ̀gà yọ. Ẹ̀gà, ẹ̀gà, imọ̀ ọ̀pẹ tí atẹ́gùn ń fẹ́, ẹ̀gà. Kúdí ń ṣí i lọ. Ló bá dórí ọkùnrin kan tó dé fìlà funfun, tó ń bọ̀ wá síwájú kámẹ́rà.

Wọn ò gbọ̀n.

Ẹ gbọ́ mi o! Kámẹ́rà tó dá ìyẹ́ ẹyẹ dúró, ó ti dá ọkọ mi náà dúró. Pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, mo rí i bí ìgbà tí wọ́n fi gègé kọ ọ́ sínú ìwé. Ojú méjì, kì í ṣe mẹ́rin. Ẹnu wọn wà láàyè ẹ̀. Gbogbo ọwọ́ àti orí tó ti ń yọ wọ́n lẹ́nu láti ọdún yìí wá, ó dúró jẹ́ẹ́. Bí wọ́n ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n dúró lẹ́yìn kámẹ́rà tí mò ń rẹ́rìn-ín sí wọn nìyẹn, àfi irun tó funfun. Ojoojúmọ́ ló wà níbẹ̀: ẹyẹ, ẹyẹ, ẹyẹ, lẹ́yìn náà àwọn, tí wọ́n ń bọ̀ wá gbé e.

Èyí tó kẹ́yìn, wọ́n gbé ọwọ́ kan sókè. Wọn ò wo kámẹ́rà, ọ̀nà ilé ìdáná ni wọ́n kọjú sí. Ẹnu wọn là.

Kúdí bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Mọ́mì, kí ni Dádì ń sọ?"

Mo ní, "Èmi ni wọ́n ń pè."

Mo rántí àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀wà ni mò ń ṣà. Mo dáhùn pé mò ń bọ̀. Kí n tó nu ọwọ́, ẹ̀gà tí wọ́n fẹ́ kí n wá wò ti fò lọ. Bàbá Kúdí ní kò burú, pé ẹlòmíì á wá.

Nígbà tí Alhaji wá kí mi, mo gbé fọ́tò náà lé wọn lọ́wọ́, Kúdí ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n dìde dúró bí ẹni tí àgbà wọlé bá. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi tèmi nìyí." Mo ro bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún wọn, àti ti fọ́máàtì. Wọ́n jókòó padà, wọ́n bojú. "Ìyàwó, má bínú. Mo rò pé ọ̀nà ni mò ń ṣí fún wọn."

Mo ní, "Alhaji, ohun tí àwọn bàbá yín ń ṣe lẹ ṣe. Èmi náà ló ṣe Àmín."

Wọ́n ní kí n gbé kámẹ́rà náà wá. Wọ́n wọ gíláàsì ojú, wọ́n fa mẹ́mórì yọ, wọ́n fi èékánná tọ́ kọ́kọ́rọ́ kékeré yẹn wò, ó tì gbọn-in. Wọ́n ní, "Èyí, ẹ jẹ́ ó wà ní títì. Màá sọ fún gbogbo ilé."

Ohun tí mo rí kọ́ ò pọ̀. Kí ẹ tó ṣí ẹrù ẹni tó lọ, kí ẹ tó nù ún, kí ẹ tó wẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ wá ẹni tó bá a lò ó, kí ẹ bi í. Àti èkejì: ilé yín náà ní ẹnì kan tó jẹ́ pé òun ló ń ya gbogbo yín. Ẹ gba kámẹ́rà lọ́wọ́ ẹ̀ lónìí, ẹ jọ̀ọ́. Ta ni ẹni náà nílé tiyín? Ṣé ẹ ní fọ́tò ẹ̀? Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ síbí fún mi. Ojú mi ò yá, màá pẹ́ kí n tó kà á tán, àmọ́ mi ò ní gbàgbé ìkankan.

Lánàá, mo gbé kámẹ́rà náà sórí ògiri fàráńdà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Àwọn ẹ̀gà ò wá. Nígbà tí oòrùn mú, mo jáde lọ gbé e, ó sì yà mí.

Ẹ wá wo bó ṣe tò ó sínú yàrá mẹ́mórì náà. Bàbá Kúdí ló kọ́kọ́ wà, tí wọ́n gbọ́wọ́ sókè, tí wọ́n ń pè mí. Èyí tó tẹ̀ lé e gan-an, èmi ni. Mò ń bọ̀.